Ihò Tí Mo Gbẹ́ Tí N Kò Lè Wọ̀

Mo rántí ìgbà tí mo gbẹ́ ihò kan sí oko mi, tí mo sì dá a kọjú síbi tí kò yẹ kí ó kọjú sí, nítorí pé ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè fi ẹnu ara mi jẹ́wọ́ rẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ́ káàkiri débi pé àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í ṣe ihò omi, kì í ṣe ihò ẹran. Ihò tí a fi ń la pákó ni. Ẹni méjì ni yóò máa fa ayùn gígùn kan: ọ̀kan á dúró lórí igi lókè, ìkejì á wà nínú ihò lábẹ́ igi náà, ayùn á sì máa lọ sókè sódò láàárín wọn. Bí iṣẹ́ náà ti rí nìyẹn, kò sí àdììtú kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi, ọkùnrin tí irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n rẹ̀, mo wo ihò yẹn, ohun tí mo rí kì í ṣe ihò pákó.

Ìgbà náà ni rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlọrin, tí àwọn òyìnbó ìjọba ń kọ́ ilé onípákó sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Mo ti bá wọn ṣán igbó fún oṣù díẹ̀, mo sì rí àwọn tí ń la gẹdú fún wọn. Mo ní mo rí wọn; n kò ní mo kọ́ ọ. Nígbà tí iṣẹ́ tán, mo padà sí oko tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, ìrìn ìdajì ọjọ́ sí ìlú, mo sì gbé ìyàwó mi lọ síbẹ̀. Ọmọ àáfà ni, ọmọ àárín ìlú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ irú í ṣe. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ irú mọ̀ pé igi ni iṣẹ́ náà ń jẹ. Láti àárọ̀ kùtùkùtù títí di ìrọ̀lẹ́ ni wóró irúgbá yóò fi wà lórí iná kí ó tó rọ̀, iná kò sì gbọdọ̀ kú lábẹ́ rẹ̀. Ní òjò ọdún tí mo gbé e dé oko, gbogbo igi tí mo ṣẹ́ fún un ló rin gbingbin. Èéfín ń jáde, iná kò jáde. Odidi ìkòkò ló ń jinná ní apá kan tí ó ń le bí òkúta ní apá kejì, a ó sì dà á nù. Ojú rẹ̀ pọ́n, ikọ́ kò sì jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá rẹ̀ wá kí wa lásìkò yẹn. Àgbà tí kì í gbóhùn sókè ni. Ó jókòó, ó gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ti ń wúkọ́ lẹ́yìn ilé, ó ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó pẹ́, ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, n kò bínú. Ṣùgbọ́n bí òjò ọdún tí ń bọ̀ bá bá a nínú èéfín yìí, mo ń mú un lọ sílé."

Kí ni ó kù kí ọlọ́gbọ́n ṣe? Kí ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá, mo gbọ́." Kí ó ri òpó mẹ́rin, kí ó fi koríko bò ó, kí ó kó igi gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo la ẹnu, mo ní, "Bàbá, àtíbàbà onípákó ni mo máa kọ́ fún igi rẹ̀. Bíi ti rélùwéè."

"Onípákó?" Ó wò mí. "Koríko kò ṣe é?"

"Ikán ń jẹ koríko, Bàbá."

Ẹ̀gbọ́n mi tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dá ikọ́ kan wú, kì í sì í ṣe èéfín ló fà á.

Ọ̀gànwó ńlá kan wà nísàlẹ̀ oko tí ìjì ti wó. Ìjọba ti ń kìlọ̀ nígbà náà pé kí ẹnikẹ́ni má gé irú igi bẹ́ẹ̀ láìtọrọ, ṣùgbọ́n ìjì kò tọrọ lọ́wọ́ ẹnì kankan, nítorí náà mo kà á sí ẹ̀bùn. Mo yá ayùn lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ó ti la pákó fún àwọn rélùwéè. Ọkùnrin náà ṣàlàyé fún mi bí ẹní ń kọ́ ọmọ ní kéú. Ó ní kí n gbẹ́ ihò náà jìn tó ìdúró ènìyàn. Ó ní, "Ilẹ̀ yín da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ìlà-oòrùn wá, àbí? Dábùú ihò náà. Kí gígùn rẹ̀ ti àríwá lọ sí gúúsù, oòrùn kò ní bà yín lójú. La kòtò kékeré kan sí òkè rẹ̀ kí omi máa yà lọ." Mo ní mo ti gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́.

Ìgbà tí mo fi ọkọ́ fa ìlà ihò náà sílẹ̀ ni ọkàn mi já. Àríwá sí gúúsù. Gígùn, tóóró, ó jìn tó ìdúró ènìyàn. Ẹni tí ó bá jẹ́ ọmọ mùsùlùmí ní ìlú wa mọ ohun mìíràn tí a ń gbẹ́ báyẹn, tí a ń dá gígùn rẹ̀ ti àríwá sí gúúsù kí ojú ẹni tí a bá tẹ́ sínú rẹ̀ lè kọ sí ìlà-oòrùn níbi tí a ń kọjú sí kírun. Pákó ni a sì fi ń bò ó lórí. Mo dúró ti ìlà náà, òógùn ń bọ́ lára mi, n kò tíì gbẹ́ nǹkan kan.

Kí ẹ lè mọ ìdí rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ti ọjọ́ tí a sin bàbá wa. Èmi ni wọ́n ní kí n wọ inú sàréè láti gba òkú, nítorí pé èmi ni mo jẹ́ àyànfẹ́ rẹ̀, gbogbo ilé ló sì mọ̀. Mo dé etí rẹ̀, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Kì í ṣe pé mo rò ó kí n tó kọ̀. Ẹsẹ̀ ló kọ̀ fúnra rẹ̀, bí ẹsẹ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ létí odò. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ agbádá rẹ̀, ó bọ́ sínú ihò náà, ó na ọwọ́ sókè, ó gba bàbá wa. Kò bá mi sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ rárá, títí di ìgbà tí mo fi gbẹ́ ihò pákó yìí. Àìsọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ni ó ń jẹ mí nínú.

Nítorí náà mo nu ìlà náà rẹ́, mo fa òmíràn. Ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Mo sọ fún ara mi pé bí kò bá ti dùbúlẹ̀ bíi sàréè, kì í ṣe sàréè, pé ẹ̀rù kò ní bà mí mọ́. Ọgbọ́n tí mo gbọ́n nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi dé, ó rí i. "Kí ló dé tí o gbẹ́ ẹ báyìí? Ọkùnrin yẹn ní kí o dábùú rẹ̀."

"Ibí ni ilẹ̀ ti rọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Ilẹ̀ kan náà ni. Ṣé ó rọ̀ níhìn-ín, ó wá le níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́."

Mo rò pé ó mọ̀. Ó gbé ọkọ́, ó bá mi gbẹ́ ẹ parí. A pe àwọn aládùúgbò, a yí ìtì igi náà gun orí ihò, a fi òwú tí a rì bọ omi èédú fa ìlà sára rẹ̀. Nígbà tí ó kan ta ni yóò wọ ìsàlẹ̀, mo ti gun orí igi kí ó tó béèrè. Mo ní èmi ni mo mọ̀ ọ́n nítorí mo ti bá rélùwéè ṣiṣẹ́. Ìbẹ̀rù mi kò sì tíì dín kù: bí mo bá wo ìsàlẹ̀ láti orí igi, tí mo rí orí ẹ̀gbọ́n mi nínú ihò, sàréè bàbá wa ni mo tún ń rí. Mo kàn ń wo iwájú ni.

Ohun tí ó sì wà níwájú mi ni oòrùn. Láàárọ̀, á wọ̀ mí lójú gan-an bí ẹni ń fi ìka gún un. Bí mo bá yí ẹ̀yìn sí i, á dúró dè mí di ìrọ̀lẹ́. N kò rí ìlà. Mo ń fa ayùn bí afọ́jú, ayùn sì ń lọ síbi tí ó wù ú. Á há, a ó fi igi ṣóńṣó há ojú ibi tí a là kí ó lè tú. A ó fi òrí pa á, á yọ̀ díẹ̀, á tún há. Pákó àkọ́kọ́ tí a là, ìdí rẹ̀ nípọn bí àtẹ́lẹwọ́, orí rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí etí ewúrẹ́. Èkejì wọ́ bí ejò tí wọ́n sọ òkò lù. Ẹ̀kẹta ṣẹ́ lójú ayùn. Mo bínú sí igi, mo bínú sí ayùn, mo bínú sí ọkùnrin tí ó yá mi ní ayùn. Mo bínú sí rélùwéè pàápàá, kí ni wọ́n wá ṣe ní Ìlọrin?

Ìyàwó mi gbé oúnjẹ wá, ó wo ilẹ̀. "Mélòó ni ó ti wà báyìí?"

"Méjì."

"Láti Àlàmísì?"

Ó fi ọwọ́ kan èyí tí ó wọ́, ó ní, "Èyí máa dára fún àgbàrá láti gbà kọjá." Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ. Ìkùukùu ti ń ṣú ní ìlà-oòrùn ní ọ̀sán nígbà náà. Òjò kò jìnnà mọ́, àwa méjèèjì la sì mọ ohun tí òjò náà ń gbé bọ̀ wá fún wa.

Ní ọjọ́ kẹfà, ẹ̀gbọ́n mi jáde láti inú ihò, lẹ́búlẹ́bú igi bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó wà nínú etí, ó wà nínú imú, ojú rẹ̀ méjèèjì pọ́n. "Sọ̀kalẹ̀," ó ní, "èmi náà fẹ́ rí òkè."

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo mọ ìlà."

"Ìlà wo? Èyí tí o là bí ejò yìí?"

"Ẹ ṣe sùúrù, ó kù díẹ̀."

"Mo ní sọ̀kalẹ̀!"

Mo dúró lórí igi bí adìyẹ tí ó rí ejò nílẹ̀. Ìgbà náà ni ó wá sọ ohun tí kò sọ láti ọdún wọnnì. Kò pariwo. Ó ní, "Mo wọ ti bàbá nítorí rẹ. Mo tún wọ èyí nítorí rẹ. Ihò wo ni ìwọ fẹ́ wọ̀ láyé yìí, kí wọ́n tó gbé ọ sínú tìrẹ?" Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó gbé ọkọ́, ó kọrí sí apá oko tirẹ̀ láti lọ kọ ebè. Ó fi mí sílẹ̀ lórí igi.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Kò pẹ́, ṣùgbọ́n ó tó. Àgbàrá sọ̀ kalẹ̀ láti òkè oko, ó rí ihò mi tí ó la ẹnu sílẹ̀ dè é, ó rọ́ sínú rẹ̀ bí àlejò tí a ti tẹ́ ẹní fún. Ká ní ó dábùú ni, tí kòtò sì wà lókè rẹ̀! Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi ò da omi kankan, mo kàn gbẹ́ ọ̀nà fún un ni. Nígbà tí òjò dá, omi kún ihò náà tó ìbàdí ènìyàn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín sí ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e. Ẹni gidi á bọ́ sínú ihò, á máa gbọ́n omi jáde. Èmi so okùn mọ́ igbá, mo dúró létí ihò, mo ń jù ú sínú, mo ń fà á jáde, bí ẹni tí ń pọn omi kànga. Bí igbá bá dé òkè, ìdajì omi rẹ̀ ti dà padà. Mo ṣe é títí apá mi fi wọ́, omi náà kò yẹsẹ̀. Mo jókòó sórí àwọn pákó wíwọ́ mi létí ihò, mo di orí mú lọ́wọ́ méjèèjì. Omijé ń bọ́ lójú mi, kí n má purọ́. Inú ló ń bí mi.

Bí mo ti jókòó báyẹn ni darandaran kan ń da màlúù rẹ̀ kọjá. Ó dúró. Ó wo ihò, ó wo amọ̀ tútù tí a kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wo pákó, ó wo èmi. Ó yọ fìlà, ó ṣe àdúrà kúkúrú kan ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó da àwọn màlúù rẹ̀ gba ọ̀nà ìlú. Ó yẹ kí n pè é padà, kí n ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ó sú mi débi pé n kò lè la ẹnu. Mo ní kí ó máa rò ó bí ó bá ti fẹ́.

Ìyàwó mi ti odò dé, ó bá igbá olókùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wò ó, ó wo ihò, ó wo ẹsẹ̀ mi tí ó gbẹ táútáú. Ó bi mí, "Kí ló dé tí ẹ kò bọ́ sínú rẹ̀?"

Mo sọ fún un. N kò mọ ohun tí ó mú mi sọ ọ́. Bóyá nítorí pé kò sí irọ́ kankan tí ó kù. Mo sọ ti ọjọ́ sàréè, mo sọ ti ẹsẹ̀ mi, mo sọ ìdí tí ihò náà fi kọ ibi tí ó kọ. Ó gbọ́ ọ tán, kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní, "Ṣùgbọ́n òjò kò ní bá yín bẹ̀rù." Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó bọ́ sínú ihò, ó ń gbé omi fún mi lókè lábọ́ lábọ́ títí ilẹ̀ fi hàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún wọ inú rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó fi ìborùn bo irun rẹ̀, ó ní, "Ẹ gbé ayùn wá."

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo gbé e. Mo sì tún gbọ́dọ̀ sọ èyí: ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Láti ìsàlẹ̀ ni ó ti ń pariwo, "Ẹ ti yà! Ẹ fà á sí ọ̀tún! Ọ̀tún tèmi ni mo ń wí!" Pákó àkọ́kọ́ tí èmi àti òun là, ó tọ́. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí igi, mo fi ọwọ́ pa á láti ìdí dé orí bí ẹni ń pa ọmọ lórí. Lẹ́yìn rẹ̀ a la òmíràn, òun náà tọ́. A ń la ìkẹta lọ́wọ́ ni mo gbójú sókè, tí mo rí àna mi.

Ó ń bọ̀ lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ọkùnrin méjì ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọkọ́. Láwàní rẹ̀ ti tú sí èjìká, kò sì mọ̀. Aṣọ funfun kan tí a ká ni ó gbé mọ́ àyà. Líkáfànì ni, aṣọ tí a fi ń di òkú. Darandaran ti dé ìlú, ó ti sọ pé òkú wà ní oko mi, pé ọkọ ń sunkún létí ihò, pé òun kò rí ìyàwó níbẹ̀. Bàbá náà ti gbéra láti ìrun àárọ̀. Mo bẹ́ sílẹ̀ lórí igi, mo lóṣòó.

Ó wo ihò náà. Ó ní, "Ẹ ti gbé e sínú rẹ̀?" Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ.

Láti inú ihò ni ẹnì kan ti dáhùn pé, "Ta nìyẹn? Bàbá? Ẹ kú ìrìn o! Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ju ọkọ́ sílẹ̀. Bàbá náà sọ̀kalẹ̀, ó rọra rìn dé etí ihò, ó wo inú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ gbójú sókè sí i, lẹ́búlẹ́bú igi ló kún ìpéǹpéjú rẹ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá náà jókòó sílẹ̀ lójijì, líkáfànì lórí itan rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìbínú dé.

"Jáde," ó ní. "Lọ di ẹrù rẹ. Mo ní n kò fẹ́ èéfín. Inú ihò ni ó wá gbé ọ sí?"

"Bàbá, pákó mẹ́rin ló kù."

"Mo ní jáde."

Ó jáde. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò lọ di ẹrù. Bàbá náà kọjú sí mi, ó bi mí ìdí tí ó fi jẹ́ pé ìyàwó ni ó wà nísàlẹ̀ tí ọkọ sì wà lókè. Kò sí ibi tí mo lè yà sí mọ́. Mo tún un sọ, níwájú rẹ̀, níwájú àwọn ọkùnrin méjì náà, níwájú ẹ̀gbọ́n mi tí ó ti gbọ́ ariwo tí ó sì ti sáré dé. Mo ní ó jọ sàréè lójú mi, pé ẹsẹ̀ mi ń kọ̀.

Mo ti di arúgbó báyìí, ẹ̀rù nǹkan púpọ̀ ṣì ń bà mí. Ìyàwó náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, orí èmi àti òun sì ti funfun pọ̀. Àtíbàbà náà dúró, ó tẹ̀ díẹ̀ sí ọwọ́ òsì nítorí àwọn pákó tí mo dá là, ṣùgbọ́n igi gbẹ lábẹ́ rẹ̀ ní òjò ọdún náà àti ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ìgboyà ni a fi ń wọ irú ihò bẹ́ẹ̀. Èmi ò ní ìgboyà kankan lọ́jọ́ náà tí mo wọ̀ ọ́, n kò sì lè sọ pé mo ti ní in láti ìgbà náà wá. Àáfà tí ó ti sin ènìyàn ju bí a ti lè kà lọ ni ó dúró níwájú mi, tí ó ká líkáfànì ọmọ rẹ̀ padà, tí ó fi há abíyá, tí ó sì nawọ́ sí ihò náà.

"Gbogbo ẹni tí mo ti gbé sínú sàréè," ó ní, "kò sí ọ̀kan tí ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Ihò pákó lèyí. Bọ́ sínú rẹ̀."